HIV, sífílíìsì, àtọ̀sí: àyẹ̀wò tó yẹ ká máa bèèrè ní Kétu

Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti so owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè rọ̀, ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn àwọn tó ń lo oògùn HIV: ṣé oògùn ò ní tán báyìí? Ìbẹ̀rù náà tọ́. Benin, tí Kétu wa wà, wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí PEPFAR, ètò tí Amẹ́ríkà fi ń gbógun ti HIV nílẹ̀ òkèèrè, ń nawọ́ sí nígbà náà. Àjọ Global Fund, tó wà lára àwọn tó ń ra oògùn àti èlò àyẹ̀wò fún wa, náà ò rí gbogbo owó tó wá. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé owó wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, bílíọ̀nù 11.34 dọ́là ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù 18 ni wọ́n bèèrè.

Ṣùgbọ́n bí owó bá ń dín kù, oògùn kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ́n. Iṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ dúró ni ti àwọn tó ń lọ láti ọjà dé ọjà láti bá èèyàn yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn tó ń wá aboyún tí kò padà sí ilé ìwòsàn lọ sílé, àwọn tó ń pín kọ́ńdọ̀mù, àwọn tó ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti wà lórí oògùn, wọ́n á sapá kí tirẹ̀ má dá. Ẹni tí kò tíì mọ̀ pé kòkòrò náà wà lára òun ni kò sẹ́ni tí yóò rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ju oògùn lọ: bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí èsì rẹ̀ ń sọ àti ohun tí kò sọ, àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù tí a kì í dárúkọ mọ́ tí HIV bá ti gba ẹnu wa.

"Ara mi le, kí ni mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò?" Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ jù nìyẹn, lẹ́nu ọkùnrin pàápàá. HIV, tí ìwé ilé ìwòsàn wa ń kọ ní VIH, kì í fi ara hàn kíákíá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tó bá wọ ara, ibà lè mú èèyàn díẹ̀, ọ̀fun lè máa dùn ún, kókó lè yọ sí i lọ́rùn. Ní ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa, ta ni yóò ronú kan HIV? Yóò lo oògùn ibà, ara á balẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ọdún márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá nígbà mìíràn, lè kọjá lẹ́yìn náà kí ohunkóhun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò náà ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 tí í ṣe sójà ara, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ara bá ń rù, tí ẹnu bá hu funfun, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá dé, ló tó wá sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà nígbà yẹn náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ti gùn, ó sì ti lè kó ran ẹni tó ń bá sùn láìmọ̀.

Àyẹ̀wò náà kò ju kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún orí ìka lọ. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kékeré, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ilà yóò yọ. Ilà kan ń sọ pé ike náà ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò rí nǹkan. Ilà méjì ń sọ pé ó rí àmì. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ilà méjì lórí ike kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́. Láti ọdún 2019 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí àyẹ̀wò mẹ́ta tí ohun èlò wọn yàtọ̀ síra fẹnu kò kí wọ́n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní HIV. Bí ẹnì kan bá yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ níbi ìpolongo tàbí ní ilé àyẹ̀wò aládàáni, tó sì ní ẹ ti ní i, ẹ má kàn sunkún lọ sílé. Ẹ ní kí wọ́n parí àyẹ̀wò náà. Ẹ sì bèèrè bóyá HIV-1 ni tàbí HIV-2. Èyí tí wọ́n ń pè ní HIV-2, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ dá mọ̀ ní ọdún 1986, wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ibòmíràn lọ láyé. Ó máa ń lọ́ra ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan tó ń pa HIV-1, bíi nevirapine àti efavirenz, kì í ràn án.

Bí èsì bá ní kò sí nǹkan ńkọ́? Ike yìí kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara ń pèsè láti bá a jà ló ń wá lọ́pọ̀ ìgbà, ara sì nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó pèsè rẹ̀ tó. Ẹni tí kọ́ńdọ̀mù ya mọ́ lára lọ́jọ́ Sátidé, tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé, èsì ọjọ́ Ajé yẹn kò lè sọ ohunkóhun nípa Sátidé. Kó tún lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kó má jókòó sílé máa ka oṣù, torí oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, tó sì ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 28, ó lè dí HIV lọ́nà kó má ráyè jókòó sára. Bí ó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Obìnrin tí wọ́n fi ipá bá lòpọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i, nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ aláìsàn gún lọ́wọ́ náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní i nílẹ̀ gbọ́dọ̀ lè júwe ibi tó wà, ì báà jẹ́ Pobè, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Bí àyẹ̀wò bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, oògùn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí aláìsàn lọ dúró di ìgbà tí CD4 rẹ̀ bá já wálẹ̀. Ọdún 2015 ni WHO ní kí wọ́n pa ìyẹn tì, kí gbogbo ẹni tó bá ní HIV bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ètò oògùn náà ti wà ní Benin láti ọdún 2002, ọ̀fẹ́ sì ni. Lónìí, hóró kan lójúmọ́ ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà, oògùn mẹ́ta ló sì wà nínú hóró yẹn: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Ìwé á kọ ọ́ ní TLD. Àwọn tó lo oògùn ní ogún ọdún sẹ́yìn mọ bí ti ìgbà náà ṣe ń yọni lẹ́nu, tí ẹlòmíràn ń gbé hóró púpọ̀ mì láàárọ̀ àti lálẹ́. Èyí fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í lé kòkòrò náà kúrò lára pátápátá, torí náà a kì í dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù tí kò sì já a kù lè gbó, kó tọ́ ọmọ, kó sì rí ọmọ-ọmọ.

Bí oògùn bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà lára, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ iye kòkòrò tó ṣẹ́kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo àyẹ̀wò yìí fún yín, nítorí òun ló ń sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí kòkòrò náà bá ti kéré débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́, tí ẹ sì ń lo oògùn déédéé, ẹ kò lè kó o ran ẹni tí ẹ ń bá lòpọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú ni mo ń sọ. Nínú ìwádìí PARTNER, tí èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, àwọn lọ́kọláya tí ọ̀kan nínú wọn ní HIV, tó sì ń lo oògùn, lòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù ní nǹkan bí ìgbà 58,000. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o láti ara ẹnì kejì rẹ̀. WHO náà tún un sọ ketekete ní ọdún 2023. Mo gbà pé bí gbogbo agboolé ní Kétu bá mọ ọ̀rọ̀ kan yìí, ìgbéyàwó tí kò ní tú mọ́ á pọ̀, àwọn tó ń jí oògùn wọn lò lẹ́yìn ilé á sì dín kù.

Torí wọ́n ń jí i lò. Ìlú wa kò tóbi. Ẹni tó jókòó sí iwájú yàrá kan ní ilé ìwòsàn lónìí, ọjà lè ti gbọ́ lọ́la. Àwọn kan á fi ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á wọ mọ́tò lọ gba oògùn ní Pobè tàbí Àjàṣẹ́, kí aládùúgbò má bàa rí wọn. Lọ́jọ́ tí owó mọ́tò kò bá sí, oògùn já nìyẹn. Òfin tó jáde ní Benin ní ọdún 2006 lórí HIV ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́, kí wọ́n má sì yẹ ẹnikẹ́ni wò láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń sọ èsì aláìsàn fún ìyàwó rẹ̀ nílé ń lé èèyàn sá fún ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ààlà náà tún wà ńbẹ̀. Oníṣòwò tó ń gba Ìlárá kọjá sí Ìmẹ̀kọ, tó ń dé Abẹ́òkúta àti Èkó, lè pẹ́ lọ́hùn-ún ju bó ṣe rò lọ. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó lọ. WHO fara mọ́ ọn pé kí ẹni tí ara rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ máa gba oògùn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kì í ṣe ojúure ni ẹ ń tọrọ. Kó sì gbé ìwé tó ní orúkọ oògùn náà dání. TLD kan náà ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ọ̀hún á mọ ohun tó jẹ́ bí wọ́n bá rí ìwé náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ aboyún. Bí wọ́n bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo tí owó tó ṣẹ́kù yóò lọ, ibẹ̀ ni mo máa mú. Ìyá tó ní HIV tí kò lo oògùn, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ irú wọn, 15 sí 45 ló lè kó o, nínú oyún, nígbà ìbí tàbí nínú ọmú. Bí ìyá bá lo oògùn dáadáa, kì í tó márùn-ún. Ọmọ náà á lo oògùn omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí, wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ike orí ìka kò wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ara ìyá pèsè lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí di oṣù 18, ike á yọ ilà méjì láìjẹ́ pé ọmọ náà ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò náà gan-an ni wọ́n ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ á rìn jìnnà kó tó dé ibi tí ẹ̀rọ wà, èsì á sì pẹ́ kó tó padà. Ẹ̀yin ìyá, bí wọn ò bá pè yín, ẹ padà lọ bèèrè rẹ̀. Ọmọ tó ní HIV tí kò rí oògùn tètè máa ń kú ju àgbàlagbà lọ.

Ṣùgbọ́n ìka kan náà tí wọ́n gún fún HIV lè sọ ti sífílíìsì pẹ̀lú. Ike kan wà tó ń yẹ méjèèjì wò pọ̀, láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, aboyún tí wọ́n yẹ̀ wò fún HIV pọ̀ ju èyí tí wọ́n yẹ̀ wò fún sífílíìsì lọ, kì í sì í ṣe pé sífílíìsì ṣòroó wò. Owó ayé ló tẹ̀lé HIV. Kò sẹ́ni tó ń kó owó tẹ̀lé sífílíìsì. WHO ṣírò pé ní ọdún 2022 nìkan, ọmọ bí 700,000 ló kó sífílíìsì láti inú ìyá wọn káàkiri ayé, nǹkan bí 150,000 oyún sì parí sí òkú ọmọ nítorí rẹ̀. Obìnrin tó bí òkú ọmọ lẹ́ẹ̀kejì, tí àwọn ará ilé ń wo ojú rẹ̀ bíi pé òun ló fà á, tí wọ́n ń wá àjẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ wò fún sífílíìsì? Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn kọ́kọ́ jáde lẹ́nu agbẹ̀bí. Bí kò bá jáde, kó jáde lẹ́nu ìyá ọkọ.

Ọ̀nà tí sífílíìsì ń gbà fara pamọ́ ló jẹ́ kó burú. Egbò kan á yọ síbi tó gbà wọlé. Kì í dunni, ojú ara obìnrin sì lè bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ó ti san fúnra rẹ̀. Ẹni tó mu àgbo lásìkò yẹn á ní àgbo ló wò ó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ara lè sú, àní ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pàápàá, ìyẹn náà á tún lọ. Kòkòrò náà á wá dákẹ́ sínú ara fún ọdún púpọ̀, kó tó lọ ba ọkàn tàbí ọpọlọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ kò ṣòro: abẹ́rẹ́ penisilíìnì kan, benzathine, mílíọ̀nù 2.4 ìwọ̀n, ní ìdí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún èyí tí kò tíì pẹ́ lára, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún èyí tó ti pẹ́. Láti ìgbà tí penisilíìnì ti dé, kòkòrò yìí kò tíì rí ọgbọ́n ta sí i. Ó ṣeé gbà fún aboyún, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀.

Àtọ̀sí ti rí ọgbọ́n ta. Ọ̀rọ̀ tó ń ká mi lára jù nìyí, torí ó kan ilé gbogbo. Ọkùnrin tó bá kó àtọ̀sí sábà máa ń mọ̀: ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Ojú á tì í láti lọ sí ilé ìwòsàn, á ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oògùn kiri nínú ọpọ́n. Ìjọba Benin ti gbógun ti irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017 ni wọ́n ya wọ Adjégounlè ní Kútọnù, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn tí kò bófin mu ní ojútáyé, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọpọ́n ṣì ń rìn. Kápúsù méjì mẹ́ta, ìtọ̀ kò ta á mọ́, ó dá a dúró. Àwọn kòkòrò tí kò kú á máa bí irú ara wọn, wọ́n á sì mọ oògùn náà. Bí penisilíìnì ṣe kọ̀ láti ran àtọ̀sí mọ́ nìyẹn, bí tetirasáìkílìn ṣe kọ̀, bí sipiro náà ṣe kọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ló ṣẹ́kù tí a gbára lé, ó sì ti ń rí àtakò ní àwọn ilẹ̀ kan.

Obìnrin ní tirẹ̀ lè má mọ nǹkan kan. Chlamydia, tó máa ń bá àtọ̀sí rìn, kì í fi ara han ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin tó kó o. Á rọra gòkè láti ojú ara lọ sí ilé ọmọ, àti sí ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wá. Níbi tó bá ti fọwọ́ kàn, àpá á kù, ọ̀nà á dí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ìgbéyàwó tí ọmọ kò dé, obìnrin ni wọ́n á máa mú kiri ojúbọ, ilé àdúrà, ọ̀dọ̀ alágbo. Wọ́n á pè é lágàn níṣojú àwọn ọmọ orogún. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọkọ léèrè pé ọyún tó ń jáde lára rẹ̀ kó tó gbéyàwó, kí ló fi wò ó? Bí oyún bá tilẹ̀ wá, ó lè dúró sínú ọ̀nà tóóró yẹn dípò ilé ọmọ, ìyẹn sì lè pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀ bí kò bá dé ilé iṣẹ́ abẹ. Gbogbo èyí, doxycycline ọjọ́ méje ì bá ti dá a dúró nígbà tó ṣì wà ní ìsàlẹ̀. A kì í fún aboyún ní doxycycline, azithromycin ni tirẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn kékeré, kò sí ẹ̀rọ tó ń wá chlamydia. Nọ́ọ̀sì á wo ohun tí aláìsàn sọ, á tẹ̀lé ìwé ìlànà, á fún un ní oògùn tó kárí àwọn àrùn tó lè fà á. Ìlànà yìí dára fún ọkùnrin tí ọyún ń jáde lára rẹ̀. Fún obìnrin, kò fi bẹ́ẹ̀ gún: omi ojú ara tó yí padà lè jẹ́ ohun tí kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ rárá, obìnrin tó sì ní chlamydia tí nǹkan kan kò ṣe é kò ní wá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wá chlamydia àti àtọ̀sí pọ̀, bí wọ́n bá ra katiríìjì tirẹ̀ fún un, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò sí kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Níbi tí ẹ̀rọ náà bá ti wà, katiríìjì ló kù. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe ètò ìlera ẹkùn Plateau, tí Kétu wà, gbé e yẹ̀ wò, fún àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ní àkọ́kọ́.

Ohun kan tún wà tí oògùn kankan kò lè ṣe. Bí ọkọ nìkan bá gba ìtọ́jú, ìyàwó á kó o padà fún un, tàbí aya kejì, tàbí ọ̀rẹ́bìnrin tó wà ní Sábẹ tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ lo oògùn lásìkò kan náà, kí wọ́n má sì bá ẹnikẹ́ni lòpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ, kó bẹ nọ́ọ̀sì kó bá a kọ ìwé kékeré tí kò ní orúkọ, tó kàn ní kí ẹni tó mú un wá gba ìtọ́jú.

Ní ti ohun tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ tuntun kan wà, lenacapavir, tí wọ́n ń gún fún ẹni tí kò ní HIV ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kó má bàa kó o. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda, obìnrin 2,134 ló gbà á, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2024: kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó kó HIV. WHO fọwọ́ sí i ní oṣù keje ọdún 2025. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ní Íńdíà ti ṣàdéhùn láti ṣe é ní nǹkan bí 40 dọ́là lọ́dún fún ẹnì kan láti ọdún 2027, fún 120 orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀. Fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń rìn káàkiri tí kò sì gbà láti lo kọ́ńdọ̀mù, n kò tíì rí ohun tó dára tó o. Ṣùgbọ́n wọn kì í gún un fún ẹni tí wọn kò bá kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò kó tó gba èkejì. Bí ike àyẹ̀wò bá tán ní Kétu, abẹ́rẹ́ náà á kàn wà lórí pẹpẹ ni.